Gbá-a-wò àti Ife Tánganran Méjìlá

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń ta àpótí nípàá níwájú ẹni tó ni ín, tí ẹni tó ni ín sì káwọ́ lérí, ẹ má wulẹ̀ pe ọlọ́pàá. Gbá-a-wò nìyẹn, ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń di ẹrù ẹlẹgẹ́ fún àwọn tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sókè òkun nínú ọkọ̀ ojú omi: àwo, ife, dígí, àtùpà orí tábìlì, àti àwọn ère amọ̀ kan tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tiẹ̀ fọ́ lójú ọ̀nà, ayé ò ní pàdánù nǹkan kan. Bó bá ti dì wọ́n tán, tó ti kan ìdérí àpótí ní ìṣó, á gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì, á sì gbá a bí ẹni gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Lẹ́yìn náà á dẹtí sílẹ̀. Bí nǹkan kan ò bá dún, iṣẹ́ parí. Bí nǹkan bá dún, ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa ṣe, torí kò dún rí.

"Ẹ jẹ́ n gbá a kí òkun tó gbá a," ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà tí ẹ̀rù bá ń bà. Ìyá kan tiẹ̀ dákú níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Dígí gàgàrà tí ìyá ọkọ rẹ̀ fún un ló wà nínú àpótí. Nígbà tó jí, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé ó fọ́. Wọ́n ní kò fọ́ o, Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ńṣe lojú obìnrin náà tún rẹ̀wẹ̀sì.

Àwọn ilé iṣẹ́ míì máa ń lẹ ìwé pupa kan mọ́ ara páálí, wọ́n á ya ife tó ti sán sí i, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n rọra. Gbá-a-wò kórìíra ìwé yẹn bí ẹni kórìíra àna burúkú. Ó ní ẹni tó bá kọ ọ́ sára ẹrù pé kí wọ́n rọra, ńṣe ló ń sọ fún àwọn alábàárù èbúté pé nǹkan tó ṣeé jí wà níbí, bí ẹ ò bá sì ráyè jí i, ẹ fọ́ ọ. Àpótí tirẹ̀ kì í ní ìwé kankan lára. Ìpá nìkan ni lẹ́tà rẹ̀.

Ilé ẹrù tó ti ń ṣiṣẹ́ gùn bí ìwàásù òkú. Òrùlé páànù rẹ̀ máa ń ké kẹ̀ù-kẹ̀ù bí oòrùn bá ti mú. Tábìlì rẹ̀ ga dé àyà, kó má baà máa bẹ̀rẹ̀, ìwé ìròyìn àtijọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gègèrè, èyí tí àwọn olóṣèlú tó ti kú lógún ọdún sẹ́yìn ṣì ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ojú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ràn láti máa rún sínú ife. Ife kì í kọjú sókè nínú àpótí rẹ̀, kì í sì í dùbúlẹ̀. Á da ojú rẹ̀ délẹ̀, á sì yí etí rẹ̀ sí àárín. Àwo náà kì í sùn. Ìdúró ló máa ń dúró bí ìwé lórí pẹpẹ, torí bí àwo bá sùn lé ara wọn, èyí tó wà lókè ló máa pa tìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà á wá gbogbo àlàfo tó kù, á kì í ní ìwé, á kì í ní fóòmù, títí ìka kan ò fi ní rí àyè wọ̀. Ó ní kì í ṣe òkun ló ń fọ́ ife, àyè ni. Ife tí kò bá ráyè rìn, kò lè ṣubú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn níbi iṣẹ́. Ẹ wá jẹ́ ká délé.

Nílé, ọwọ́ kan náà yìí, tó ń gbé dígí tó ga ju èèyàn lọ láì mí kanlẹ̀, kò lè fọ abọ́ méjì kí ọ̀kan má kú. Ó fọ́ gíláàsì fèrèsé níbi tó ti ń pa ẹ̀fọn. Ó jókòó lé awò ojú ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kejì sì jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gba tuntun dé. Ó fọ́ àwokòtò ìfọwọ́ nínú balùwẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń fọ́ ìyẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò fún un ní nǹkan mu nínú ife gíláàsì láti ìgbà tí wọ́n ti lè rìn. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo àdúgbò: "Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń lo ọwọ́ tó dáa tán. Àjẹkù ni wọ́n ń gbé wá bá wa nílé."

Gbá-a-wò máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ló fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n ó dùn ún díẹ̀, kò kàn sọ ọ́ ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ló wà nílé náà tí kò fọwọ́ kàn rí: ife tíì méjìlá tó jẹ́ ti ìyá ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú àwo pẹrẹsẹ wọn àti ìkòkò tíì. Tánganran funfun ni, wọ́n ya òdòdó kékeré aláwọ̀ ewé sí i létí, wọ́n fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá gbé ọ̀kan kọjú sí iná, á rí òjìji ìka rẹ̀ ní òdì kejì. Ìyá náà ti kú ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ìyàwó Gbá-a-wò ń kó wọn sí, ọrùn ara rẹ̀ ló sì ń fi kọ́kọ́rọ́ kọ́. Kí ìyá yìí tó kú, ó ti sọ pé ọmọ-ọmọ òun obìnrin ló ni ín ọjọ́ tó bá nílé tirẹ̀. Ọmọ náà wá nílé tirẹ̀ lóòótọ́, òkè òkun sì nilé ọ̀hún wà. Ó pe ìyá rẹ̀ pé òun ti gba ilé, kọ́bọ́ọ̀dù ti dé, ife ìyá àgbà ló kù.

Ojú ẹsẹ̀ ni Gbá-a-wò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá pákó. Kì í ṣe pákó kankan ṣá o. Ó ṣa èyí tí kò lójú, ó fá a, ó lọ bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ pé òun fẹ́ fóòmù tuntun, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lò rí. Gbogbo ará ibi iṣẹ́ ló gbọ́. Ó ní àpótí tí òun máa kàn yìí, bí wọ́n bá jù ú láti orí òrùlé, ife inú rẹ̀ á kàn béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ ni. Láti ọgbọ̀n ọdún tó ti fẹ́ obìnrin yìí, èyí ni ìgbà tó máa fi ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ hàn án.

Ó gbé àpótí délé ní ọjọ́ Ẹtì. Kọ́bọ́ọ̀dù wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ife Màmá dà?"

"Ó ti lọ," ni ìyàwó rẹ̀ fèsì. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà, kò gbójú sókè.

"Ó lọ síbo? Ṣé ó lẹ́sẹ̀ ni?"

"Mo ti gbé e fún ẹni tó máa dì í."

Gbá-a-wò wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹni tó máa dì í ló dúró níwájú rẹ yìí."

"Mo rí yín. Ìdí tí mo fi gbé e jáde nígbà tí ẹ ò sí nílé nìyẹn."

"Ta lo gbé e fún?"

"Jẹ́jẹ́."

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí Jẹ́jẹ́ í ṣe fún yín, kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gún un tó. Ọmọ iṣẹ́ Gbá-a-wò ni. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà ló sì sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, torí bí ọmọbìnrin náà ṣe máa ń gbé nǹkan bíi pé nǹkan ọ̀hún ń sùn. Ó gba òmìnira ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ó gba ṣọ́ọ̀bù kan ní ìdojúkọ ilé ẹrù gan-an, ó gba káfíńtà kan mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í gbá àpótí. Ńṣe ló máa ń gbé e mì sọ́tùn-ún mì sósì, á wá fi etí lé e. Gbá-a-wò ní ìṣe dókítà nìyẹn, kì í ṣe ìṣe ẹni tó ń di ẹrù. Ó ti pa òwe níwájú káfíńtà ọ̀hún rí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Káfíńtà yẹn, tí ẹnu tirẹ̀ náà mú, dáhùn pé àkísà pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, sà, òun làwọn fi ń di dígí.

"Jẹ́jẹ́ tí mo kọ́ níṣẹ́?" ni Gbá-a-wò béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Òun náà ni. Ṣé ẹ kọ́ ọ dáadáa àbí ẹ ò kọ́ ọ dáadáa?"

Ọkùnrin náà rò ó wò. Bó bá ní òun kọ́ ọ dáadáa, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bó bá ní òun ò kọ́ ọ dáadáa, ọdún mẹ́fà ọmọ ọlọ́mọ ló jẹ gbé. Ìyàwó rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró, ó sì fohùn jẹ́jẹ́ sọ èyí tó kù.

"Ẹ gbọ́, Bàbá. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ife ìyá mi nìyẹn. Nǹkan tó kù tí ọwọ́ rẹ̀ kàn kò ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ kàn án, mi ò ní lè sùn títí á fi gúnlẹ̀."

Ó gbé àpótí rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, wọ́n sì ń kó aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀ lé e láti ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kó gbádùn. Níbi iṣẹ́, wọ́n ti gbọ́. Àwọn alábàárù, tí wọn ò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ bí wọn ò ti lè pa ife mọ́, ń kí i pé ẹ kú àṣejèrè, ṣé ìyàwó ti rí ẹni gidi gbé ẹrù fún? Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò bínú o, pé ọ̀rọ̀ ife lòun ń rò. Ọmọdé ni Jẹ́jẹ́. Bó bá gbàgbé igun kan ńkọ́? Bó bá jẹ́ kí àwo sùn? Ó yẹ kí bàbá ọmọ lọ fojú kàn án. Ẹ ò rí i bí èèyàn ṣe ń wá aṣọ fún ìlara wọ̀ kó tó mú un jáde síta.

Ó yọ kọjá òpópónà ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Jẹ́jẹ́ ti kó ìwé ẹrù lọ sí èbúté. Káfíńtà nìkan ló wà níbẹ̀, ó kí i káàbọ̀, ó ní kó jókòó, òun ń lọ ra ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí, òun ń bọ̀. Bí káfíńtà ti yíjú, Gbá-a-wò rí àpótí náà nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i lára. Ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀, wọn ò tíì kàn án.

Ó ṣí i.

Ó wò ó títí. Bébà rírọ̀ ìpele méjì ló wà lára ife kọ̀ọ̀kan, àkísà tó mọ́ tóní wà lórí ìyẹn. Ojú gbogbo wọn délẹ̀, etí wọn kọjú sí àárín. Àwọn àwo pẹrẹsẹ dúró bí ọmọ ogun. Ìkòkò tíì wà nínú páálí tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọmọrí rẹ̀ sì wà nínú páálí míì, bí tọkọtaya tó ti jà. Ó ti ìka bọ igun kìíní, kò wọlé. Ó ti í bọ ìkejì, kò wọlé. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ náà ti fi àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin mu síbẹ̀, torí kọ̀ǹténà máa ń làágùn lórí òkun. Gbá-a-wò ló kọ́ ọ níyẹn. Gbá-a-wò fúnra rẹ̀ kì í rántí rẹ̀ mọ́, bí ara bá ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ó dùn ún. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn ún ju kó bá a ní jákujàku lọ. Ó fa fóòmù igun kan jáde, ó gbé e sórí ìjókòó. Ó yọ ife kan, ó tú u, ó wá àléébù sí ìdì rẹ̀, kò rí. Ó tún un dì bó ṣe bá a, ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó dérí. Ó ní òun ń lọ.

Àmọ́ ẹsẹ̀ tó ti ń ṣe nǹkan kan náà fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ orí mọ́. Àpótí tán, ìdérí wà lórí rẹ̀, ó wà nílẹ̀. Gbá-a-wò sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì. Ó gbá a.

Ó dún. Kò dún púpọ̀, ó kàn ṣe "kín," bí ìgbà tí ṣíbí bá kan etí ife. Gbá-a-wò wo orí ìjókòó. Fóòmù igun ṣì wà níbẹ̀, bó ṣe gbé e síbẹ̀. Ó ti fún ife láyè.

Ó tún un ṣí. Ọ̀kan ti là sí méjì, etí rẹ̀ sì ti dá dúró lọ́tọ̀. Ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ káfíńtà lójú títì. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún yìí, bàbá ọmọ, ọ̀gá iṣẹ́, kó àfọ́kù sínú bébà bí ọmọ ilé ìwé tó jí ẹran nínú ìkòkò, ó wé e, ó tì í padà, ó fi fóòmù di igun rẹ̀ pinpin, ó dérí.

"Bàbá, ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò?" ni káfíńtà wí bó ti wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó ti gba ìwé ẹ̀rí? Ṣé kí n kàn án?"

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ gbólóhùn kan ni. Ó wo òòlù, ó wo ìṣó.

"Kàn án," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ méje ni ẹrù náà lò lójú omi, Gbá-a-wò náà sì wà lójú omi fún ọ̀sẹ̀ méje. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń tu ara rẹ̀ nínú pé òkun ò lẹ́nu. Òkun ti fọ́ nǹkan tó pọ̀ ju ife kan lọ láyé, kò sì sí ẹni tó pè é lẹ́jọ́. Ó tiẹ̀ ń rò ó pé ibi tó bá burú dé, ìyàwó òun á mọ̀ lẹ́yìn náà ẹni tó yẹ kó gbé ẹrù fún. Bẹ́ẹ̀ ni, ó rò ó, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó sì tún ń rí ojú Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ìrònú náà. Níbi iṣẹ́, kò gbá àpótí bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Ó kàn ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kàn án bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀. Oníbàárà kan bínú pé ìpá tí wọ́n ta ti ẹni tó ṣíwájú òun le ju ti òun lọ, ṣé torí ẹrù òun kéré ni.

Ẹrù gúnlẹ̀. Ọmọ wọn ní òun ò ní dá tú u, ojú ìyá òun lòun ti máa tú u lórí fóònù, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ìyá náà ránṣẹ́ pe Jẹ́jẹ́ pé kó wá fojú rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó tún pe ìyá kan tó ń ta àwo ní òpópónà kejì, ẹni tó fẹ́ máa fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun lóṣooṣù, tó sì ń wá ẹni tó máa máa bá òun dì í. Ó ti sọ fún un pé bí ife ìyá òun bá dé láyọ̀, kó má wulẹ̀ wá ẹlòmíì. Wọ́n gbé fóònù ti ìkòkò òdòdó lórí tábìlì, gbogbo wọn sún mọ́ ọn. Gbá-a-wò jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ní ojú òun ń dun òun.

Ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀. Ó tú èkíní, ó gbé e sókè, ìyá rẹ̀ ní "ẹ̀n-ẹ́n." Ó tú èkejì. Ìyá aláwo tẹ́rí gba Jẹ́jẹ́. Ó tú ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìyá rẹ̀ ti ń sọ ìtàn bí Màmá ṣe ń fi wọ́n ṣe àlejò. Ó mú ìkeje, ó tú u.

"Màmá," ló wí, "ọ̀kan ti fọ́."

Ó gbé àfọ́kù náà sókè kí wọ́n lè rí i. Ìtàn dá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn fọwọ́ kan ọrùn, níbi tí kọ́kọ́rọ́ máa ń wà, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. Ìyá aláwo rọra fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.

Jẹ́jẹ́ ti dìde dúró.

"Ẹ má bínú, Mà. Èmi ni mo dì í, ọwọ́ mi ló ti fọ́. Mi ò ní sọ pé òkun ni. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé ẹni tó ń di ẹrù kì í purọ́ mọ́ òkun."

Ìyàwó Gbá-a-wò nu ojú rẹ̀. Ó yíjú sẹ́yìn, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ ọ́," ló wí. "Ẹ ní ẹ̀yin lẹ máa dì í, mi ò gbọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ̀yin ló yẹ kí n gbé e fún."

Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí ti ń retí gbólóhùn náà. Ó wá dé tán, níwájú ẹlẹ́rìí, láìtọrọ. Kí ló tún kù kó ṣe ju kó mi orí bí àgbà, kó ní kò burú, ọjọ́ míì ọjọ́ ire? Ó wo Jẹ́jẹ́, tó dúró síbẹ̀ tó ń jẹ ẹ̀bi tí kò sè. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Èmi ni mo fọ́ ọ," ló wí.

"Ẹ fọ́ kí ni?"

"Ife yẹn. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí kò sí níbẹ̀. Mo ṣí àpótí. Mo yọ fóòmù igun, mo gbàgbé láti dá a padà. Mo wá gbá a."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró sí ìsàlẹ̀.

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ọ̀tún."

Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ ọ̀tún náà fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n fún ṣòkòtò tí kò ní dá padà. Jẹ́jẹ́ ló wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Kí lẹ rí lára rẹ̀ tẹ́ ẹ fi ṣí i, sà? Ṣé mo ṣe àṣìṣe ni?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ ń béèrè. Wọ́n ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, síbẹ̀ àṣìṣe ara rẹ̀ ló ń wá. Gbá-a-wò fẹ́ rí i pé òun lè wò ó lójú, kò rọrùn.

"O ò ṣe àṣìṣe," ló wí. "Mo wá a títí, mi ò rí. Ìdì rẹ dára ju tèmi lọ, ọmọ mi. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Má bínú."

Jẹ́jẹ́, tí kò sunkún nígbà tó gba ẹ̀bi sọ́rùn, wá jókòó, ó bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá aláwo ti fà á mọ́ra, bàtà tó ń wá tẹ́lẹ̀ ti di ohun ìgbàgbé. Ìtìjú mú Gbá-a-wò, ó dìde, ó fẹ́ bá ẹnu ọ̀nà lọ.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó fi ọwọ́ gbá àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níwájú fóònù gan-an. "Ẹ wá jókòó síbí. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń di ife."

Ó wá jókòó. Ọmọ wọn béèrè bóyá kí òun máa tú u lọ, ìyá rẹ̀ ní kó máa tú u, márùn-ún ló ṣì kù. Ó tú ìkẹjọ, ó gbé e kọjú sí iná, nǹkan kan ò ṣe é.